Àmì Ohùn Tó Sọnù Nínú Èdè Kọ̀ǹpútà

Lónìí, kì í ṣe ìwé ìtàn tàbí ewì ni mo fẹ́ ṣe lámèyítọ́ rẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ni, ìlà inú ètò kọ̀ǹpútà. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò rẹ́rìn-ín pé, "Prof ti fẹ̀yìn tì, ó wá lọ ń bá àwọn ọmọdé du iṣẹ́ wọn." Ẹ ṣe sùúrù. Bí èdè kan bá ti ní ìlànà, tó ní ìtumọ̀, tí ènìyàn sì lè ṣì í kà, iṣẹ́ mi ni.

Ìlà náà rèé:

oro[3].ohun := 're dò';

Ní Yorùbá, ohun tó ń wí ni pé: lọ sínú àkójọ tí a pè ní "oro", wo àkọsílẹ̀ tó wà ní ipò tí a fi 3 sàmì sí, kí o sì kọ "re dò" sí ibi tí ohùn ọ̀rọ̀ náà wà. Ó ṣe kedere, àbí? Ṣùgbọ́n ìlà yìí, láìyí lẹ́tà kan padà, lè ṣe ohun tó wí ní ibì kan, kí wọ́n sì kọ̀ ọ́ jálẹ̀ ní ibòmíràn. Bí ẹ bá sì yí i díẹ̀, wọn á gbà á, kò sì ní ṣe nǹkan kan. Ẹ kò lè wo ìlà náà kí ẹ mọ èyí tí yóò ṣẹlẹ̀. Ẹ ní láti lọ wo ibi tó jìnnà sí i. Ẹjọ́ tí mo ní nìyẹn.

Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe jìn sí tèmi.

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì padà sí Ìwàrè ni mo ti ń kó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ oko jọ lẹ́nu àwọn àgbà: orúkọ iṣu, orúkọ ilẹ̀, orúkọ ohun èlò akọ̀pẹ. Ọmọ àdúgbò kan ló bá mi tẹ̀ wọ́n sínú kọ̀ǹpútà. Ó ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n ibi tí kò bá ti mọ ohùn ọ̀rọ̀, ó ń fi ojú dá a. Nígbà tó yá, mo gbé kọ̀ǹpútà lọ bá ìyá àgbà kan ládùúgbò. A jókòó sí ìta ilé rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Mo ń ka ọ̀rọ̀, ó ń gbọ́. Bí mo bá ti ṣì í pè, á ní, "Rárá o, a kì í pè é bẹ́ẹ̀."

A dé orí okùn tí akọ̀pẹ fi ń gun ọ̀pẹ. Igbà ni, re dò. Ọmọ yẹn ti tẹ igbá, re mí, èyí tí a fi ń bu omi. Ìyá rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Ta ló fẹ́ fi igbá gun ọ̀pẹ?" Èyí kò ṣòro, èmi náà mọ igbà. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà níbẹ̀ tí n kò gbọ́ rí láyé mi, tó jẹ́ pé ohun tí ìyá bá wí nìkan ni mo ní. Ọ̀rọ̀ mọ́kànlélógójì ni a tún ṣe lọ́jọ́ náà, nínú ètò tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ. Bí mo bá ṣe ń tún ọ̀kan ṣe ni mò ń rí ohùn tuntun lójú kọ̀ǹpútà. Mo tọ́jú rẹ̀ pa mọ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá, mo lọ sílé.

Kò ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ lẹ́yìn náà tí ìyá papò dà. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo fẹ́ tẹ àwọn ọ̀rọ̀ tó bá mi tún ṣe jáde fún àwọn ọmọ rẹ̀. Mo ṣí àkójọ. Igbá ni mo rí. Re mí. Mo wo òmíràn, mo tún wo òmíràn. Kò sí ọ̀kan nínú mọ́kànlélógójì tó yí padà.

Mo pe akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà jẹun ní Èkó. Ó ní, "Ẹ ka ibi tí ẹ ti ń tún un ṣe sí mi létí, sà." Mo kà á:

w := oro[i];
w.ohun := ohunTuntun;

Ó ní, "Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́, sà?"

Mo ní, "Ó tán."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Prof, ẹ̀dà ni ẹ tún ṣe. Ẹ kò dá a padà."

Mo lọ tú ìwé tí mo fi ń kọ nǹkan sílẹ̀. Mo rí mọ́kàndínlọ́gbọ̀n níbẹ̀, nítorí pé mo ti fi bírò kọ ohùn wọn. Méjìlá kò sí níbẹ̀. Mo ní lẹ́tà wọn, mo ní ìtumọ̀ wọn, n kò ní ohùn wọn. Ẹ̀bi mi ni. Èmi ni mo kọ ètò náà, èmi ni n kò dán an wò. N kò fẹ́ fi ìbànújẹ́ ara mi dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ó mú kí n padà lọ wo bí wọ́n ṣe ṣe àwọn èdè wọ̀nyí, mo sì rí ohun tó yẹ kí onímọ̀ èdè wí.

Ẹ jẹ́ ká fi nǹkan tí gbogbo wa mọ̀ ṣàlàyé. Bí ẹ bá lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ Afijió ní Jọ́bẹ̀lẹ̀, tí wọ́n fún yín ní fótókópì ìwé kan, tí ẹ wá fi bírò tún orúkọ yín kọ sára rẹ̀, ojúlówó tó wà nínú fáìlì kò mọ̀ pé ẹ ṣe nǹkan kan. Bó bá sì jẹ́ pé nọ́ńbà fáìlì ni wọ́n fún yín, tí wọ́n ní kí ẹ wọlé lọ tún un ṣe, ojúlówó lẹ máa kọ nǹkan sí. Ọ̀nà méjì yìí náà ni kọ̀ǹpútà ń gbà gbé àkọsílẹ̀. Oríṣi kan wà tó jẹ́ pé bí o bá béèrè rẹ̀, ẹ̀dà lo máa gbà. Ẹ jẹ́ ká pè é ní àkọsílẹ̀ ẹlẹ́dà. Òun ni Delphi ń pè ní record, tí C# ń pè ní struct. Oríṣi kejì, ohun tó ń tọ́ka sí ibi tí ojúlówó wà lo máa gbà. Ẹ jẹ́ ká pè é ní onítọ́ka. Òun ni àwọn méjèèjì ń pè ní class.

Ẹ wá wo ìlà mi àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí "oro" bá jẹ́ array, ìyẹn àpótí tí a tò lẹ́sẹẹsẹ sí ojú kan, tí àkọsílẹ̀ ẹlẹ́dà sì wà nínú rẹ̀, ìlà náà ṣiṣẹ́. Ojúlówó ló ń tún ṣe. Bí "oro" bá jẹ́ List, tí onítọ́ka wà nínú rẹ̀, ó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí "oro" bá jẹ́ List, tí àkọsílẹ̀ ẹlẹ́dà wà nínú rẹ̀, compiler á kọ̀ ọ́. Ìdí ni pé àmì [3] lára List kì í ṣe àpótí rárá. Iṣẹ́ kan ló ń jẹ́ lábẹ́lẹ̀: ó ń lọ mú nǹkan wá fún ọ. Ẹ̀dà ló sì mú wá. Delphi á sọ pé a kò lè fi nǹkan sí apá òsì. C# á sọ pé ohun tí o fẹ́ yí padà kì í ṣe àpótí. Àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí máa ń bínú sí compiler nítorí èyí. Èmi kò bínú sí i. Ẹni tó ń kìlọ̀ fún ọ kì í ṣe ọ̀tá rẹ.

Ibi tí kò ti sí ìkìlọ̀ ni ìṣòro wà. Tèmi jẹ́ ọ̀kan: mo gbé ẹ̀dà náà sínú àpótí "w". Àpótí gidi ni "w", nítorí náà compiler kò rí nǹkan kọ̀. Èyí tó burú jù ni kí àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀ ní iṣẹ́ tó lè jẹ́. Ní C#, bí mo bá fún struct mi ní iṣẹ́ tí mo pè ní TunOhunSe, mo lè kọ

oro[3].TunOhunSe("re dò");

compiler á sì gbà á. Á mú ẹ̀dà wá, á tún ohùn ẹ̀dà náà ṣe, á sì jù ú nù. Kò sí ariwo, kò sí àmì pupa. Ẹni tó kà á á rò pé iṣẹ́ ti parí. Go, tí Google gbé jáde ní 2009, ní irú tirẹ̀: bí o bá fi "for" àti "range" yí àkójọ ká, ẹ̀dà ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń bọ́ sí ọ lọ́wọ́. Bí o bá tún un ṣe níbẹ̀, o tún afẹ́fẹ́ ṣe nìyẹn.

Mo rántí kíláàsì wa nípa àkọtọ́. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Bí ẹnì kan bá kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìfi àmì ohùn sí i, ẹni tó ń kà á gbọ́dọ̀ wo gbólóhùn yíká kó tó mọ̀ bóyá ti ìyàwó ni, bóyá ti oko ni, bóyá ti ojú títì ni, bóyá ti ogun ni. Láti ìgbà ìpàdé tí CMS ṣe lórí àkọtọ́ ní Èkó ní 1875 ni a ti ń bá ara wa jiyàn lórí iye àmì tó yẹ ká kọ. Àwọn tí kò fẹ́ àmì máa ń wí pé, "Ẹni tó gbọ́ Yorùbá á mọ̀ ọ́n." Òótọ́ ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ohun tí a ń kọ àmì fún ni ìgbà díẹ̀ tí kì í ṣe òótọ́.

Èdè kọ̀ǹpútà ní àmì ohùn rí. Èyí ló yà mí lẹ́nu jù. Nígbà tí Niklaus Wirth gbé Pascal jáde ní 1970, bí o bá ń lo ìtọ́ka, o gbọ́dọ̀ kọ fìlà kékeré kan sí i: p^.ohun. Bó bá jẹ́ àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀, o kọ r.ohun. Ẹni tó rí fìlà mọ̀ pé ojúlówó tó wà níbòmíràn ni wọ́n ń bá lò. C tí Dennis Ritchie ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ní tirẹ̀ náà: ọfà fún ìtọ́ka, p->ohun, àti àmì ìdánudúró fún àkọsílẹ̀, r.ohun. Àmì kékeré ni, ṣùgbọ́n ojú ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ló wà.

Nígbà tó di 1995, Java dé, Delphi náà dé. Àwọn méjèèjì pinnu pé kí àmì má yọ àwọn ènìyàn lẹ́nu mọ́. Ní Delphi, bí nǹkan bá jẹ́ class, ìtọ́ka ni, ṣùgbọ́n o kò ní fi fìlà sí i. Anders Hejlsberg, tó ti kọ Turbo Pascal tó jáde ní 1983, tó sì jẹ́ olórí iṣẹ́ Delphi, kọjá sí Microsoft ní 1996, ibẹ̀ ló sì ti darí iṣẹ́ C#. Àṣà náà tẹ̀ lé e lọ: àmì ìdánudúró kan náà fún struct àti fún class. Java kò jìyà rẹ̀ púpọ̀, nítorí pé kò fún ènìyàn láyè láti ṣe àkọsílẹ̀ ẹlẹ́dà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n Delphi àti C# ní oríṣi méjèèjì, wọ́n sì ń kọ méjèèjì bákan náà.

Lẹ́yìn náà ni àkójọ tó lè gba oríṣi nǹkan tó bá wù ọ́ dé: C# gbà á ní 2005, Delphi gbà á nínú ẹ̀dà tí wọ́n pè ní 2009. Nínú Delphi 2009 kan náà ni Unicode ti di ohun tí ọ̀rọ̀ fi ń ṣiṣẹ́, tí ẹ àti ọ fi ráyè jókòó dáadáa níbẹ̀. Mo máa ń rò ó, mo sì máa ń rẹ́rìn-ín: ọdún tí wọ́n fún wa ní àyè láti kọ àmì sórí ọ̀rọ̀ wa ni àìsí àmì nínú èdè tiwọn di ohun tó lè pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́.

Ẹ má jẹ́ kí n dá ẹjọ́ ẹnì kan láìgbọ́ tẹnìkejì. Ìdí gidi wà tí List fi ń fúnni ní ẹ̀dà. Lábẹ́ List, array kan wà. Bí àyè bá kún, List á wá àyè tó tóbi jù, á kó gbogbo ẹrù rẹ̀ lọ síbẹ̀. Bó bá ti fún ọ ní ọ̀nà tààrà sí àpótí àtijọ́, ìwọ á máa kan ilẹ̀kùn ilé tí ẹni tó o wá ti kó kúrò níbẹ̀. Ní C++, vector ń fúnni ní ọ̀nà tààrà, irú ewu yìí sì ń bá àwọn tó ń lò ó jà. Bákan náà, ẹ̀dà ní ìwà rere tirẹ̀: ohun tí mo bá ṣe sí tèmi kò ba tìrẹ jẹ́. Ẹni tó ń lo onítọ́ka nìkan lè fi àkọsílẹ̀ kan sínú àkójọ méjì, kó tún un ṣe níhìn-ín, kó bá a ní títúnṣe lọ́hùn-ún láìròtẹ́lẹ̀. Nítorí náà, n kò wí pé ẹ̀dà burú. Ohun tí mo wí ni pé kí ojú lè mọ̀ ọ́n. Rust, tí ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde ní 2015, sún mọ́ ohun tí mò ń wí: bí o bá fẹ́ yá nǹkan láti yí i padà, o gbọ́dọ̀ kọ &mut síbẹ̀. Àwọn kan ń ráhùn pé àmì rẹ̀ pọ̀ jù. Mo ti gbọ́ irú ìráhùn yẹn rí, nípa èdè wa.

Kí wá ni kí a ṣe? Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ti Àjàyí Crowther. Ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843. Nígbà tó ní ohun tó fẹ́ tún ṣe, kò lè fi kálàmù tún ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe kí ti àwọn ẹlòmíràn yí padà. Ó ní láti tẹ òmíràn, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1852. Bẹ́ẹ̀ náà ni: mú ẹ̀dà, tún un ṣe, kí o sì gbé e padà lódindi sí ipò rẹ̀.

w := oro[i];
w.ohun := ohunTuntun;
oro[i] := w;

Ìlà kẹta yẹn ni mo fi pàdánù ohùn méjìlá.

Ọ̀nà kejì ni kí a ṣe àkọsílẹ̀ tí kò ṣe é yí padà rárá. C# ti gbà láti 2017 kí a kọ readonly sí struct. Láti 2021, a lè fi "with" ṣe tuntun láti ara àtijọ́, kí a wá fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé ó ń mú kí ojú rí i pé ìrọ́pò ni, kì í ṣe àtúnṣe. Ọ̀nà kẹta ni kí a sọ ọ́ di class, bí àkọsílẹ̀ náà bá jẹ́ ohun tó ní ìgbésí ayé tirẹ̀, tí a óò máa tún ṣe lóòrèkóòrè. Ẹni tó bá ṣe èyí ní Delphi ní láti rántí pé òun ni yóò tú u sílẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Ọ̀nà kẹrin ni kí a gba ẹ̀yìn List lọ sí array tó wà lábẹ́ rẹ̀. Delphi ní ilẹ̀kùn kan tó ń jẹ́ List fún un. .NET 5 ti 2020 ní CollectionsMarshal.AsSpan. Ọ̀nà yẹn yára, ṣùgbọ́n ilé tó lè kó lọ nígbàkígbà ni. Bí o bá wà níbẹ̀, má fi nǹkan tuntun kún àkójọ.

Ọ̀kan tó ju gbogbo wọn lọ kì í ṣe ti èdè, ti ìwà ni. Ohun tó tàn mí jẹ ni pé "w" ni mo ń wò lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀dà ti gba àtúnṣe, ẹ̀dà náà ni mo sì ń bi léèrè bóyá àtúnṣe wọlé. Ní báyìí, bí mo bá tún ọ̀rọ̀ ṣe, mo máa ń pa ètò náà dé, mo máa ń tún un ṣí, mo sì máa ń ka ohun tó wà nínú àkójọ fúnra rẹ̀, níṣojú ẹni tó sọ ọ́ fún mi, kó tó dìde lórí àga.

Mo ti kiri Fìdítì àti Ìlọrà, mo ń bi àwọn àgbà léèrè àwọn méjìlá yẹn. Mẹ́rin ti padà, tí ẹni méjì ó kéré tán fi ohùn kan náà pè wọ́n. Mẹ́jọ kù. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ní kí n fi ojú dá wọn, pé mo lè fi ọ̀rọ̀ tó jọ wọ́n mọ ohùn wọn. Mo ní rárá o, ojú dídá ló bí gbogbo rẹ̀. Mo fi àmì ìbéèrè sí ipò ohùn wọn, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Mo sì gbé wọn padà sínú àkójọ, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí ẹnì kan nínú yín bá ní ìyá tàbí bàbá àgbà tó dáko ní agbègbè Afijió, ẹ bá mi kí wọn, kí ẹ sì jẹ́ kí n mọ ìgbà tí mo lè wá. Ire o.